Odindi Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Adétọ́ún

Obìnrin kan bí ìbejì láàárọ̀ ní ọsibítù ìlú wa. Kó tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ ti tutù, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Nọ́ọ̀sì Adétọ́ún lọ bá Dókítà Fágbàmígbé ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara ìyá ìbejì ò dáa."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Jẹ́ kó sùn." Dókítà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Adétọ́ún lọ tún obìnrin náà yẹ̀ wò, ó sì sáré padà. "Sà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá ìbejì ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ mẹ́rin. Mo rò pé ibi ọmọ ò jáde tán. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó báyìí."

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Rárá sà. Ṣùgbọ́n n ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí àfi tí ẹ bá dìde."

Ó fìbínú dìde. Lóòótọ́, ibi ọmọ ṣẹ́kù sínú. Wọ́n yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, dókítà ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kí ló dé tó o fi ń pàṣẹ fún mi?"

"Ààbọ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ, sà," ni Adétọ́ún fèsì. "Kò dé inú yín. Láti òní lọ, odindi ni n ó máa sọ."