Bàbà Inú Èèkù Idà Jagun

"Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni." Ta ni kò mọ òwe yìí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi í pa ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ jókòó, kí n sọ fún yín.

Ní ìlú Ìgbóòyè, alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnrìndé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni fífi bàbà ṣe ọ̀ṣọ́ sára èèkù idà. Oje igi ni àwọn yòókù fi ń lẹ bàbà mọ́ irin. Òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò gbẹ́ poro tẹ́ẹ́rẹ́ sójú irin, ìdí poro náà á fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, yóò wá fi òòlù kékeré lu okùn bàbà wọ inú rẹ̀. Bàbà tó bá ti wọ ibẹ̀, kò tún jáde mọ́. Ògúnjìmí, àgbà ọmọ rẹ̀, nìkan ló kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọba kó bàbà fún un pé kó fi ṣe idà ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí bàbà náà fi di àwátì. Jagun Ọdẹ́wálé, olórí ogun ìlú, ló dìde nínú ìgbìmọ̀ tó ní alágbẹ̀dẹ ti jí i tà. Ọba ní kí Jagun mú un lọ sílé rẹ̀, kó wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òkú Ògúnrìndé ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé olè ni wọ́n ń pe ilé rẹ̀.

Ògúnjìmí gba ilé Jagun lọ lọ́wọ́ òfo.

"Jagun, ikú wo ló pa baba mi?"

Jagun bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ olè! Kí lo mú lọ́wọ́ tí o fi ń bi mí?" Ó ní kí wọ́n na án, wọ́n sì nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n pa baba, wọ́n tún na ọmọ, kò sì sí ìjòyè kan tó la ẹnu!

Ògúnjìmí padà sídìí ẹwìrì. Ọkọ́ tó ya nìkan ni wọ́n ń gbé wá fún un. Ṣùgbọ́n ilé wọn ni ojúbọ Ògún ìlú wà. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ibẹ̀ ni gbogbo ológun ń gbé idà lọ, níwájú ọba, kí alágbẹ̀dẹ bá wọn pọ́n ọn. Èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn na ẹnu idà sí alágbẹ̀dẹ. Èèkù ni wọ́n ń kọ sí i.

Idà mìíràn ni Jagun ti ń gbé wá láti ìgbà tí Ògúnrìndé ti kú. Nígbà tó rò pé ọ̀rọ̀ ti di ìgbàgbé, ó gbé ààyò idà rẹ̀ dé, èèkù rẹ̀ dúdú kirikiri fún èédú àti òrí tó fi kùn ún.

"Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kí o pọ́n," ni Jagun wí. "Má fọwọ́ kan èèkù."

Ojú ọba kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Jagun, kọ èèkù sí i. Ṣé o fẹ́ ba ọdún jẹ́ ni?"

Ògúnjìmí gba èèkù. Àtàǹpàkò rẹ̀ bá poro náà pàdé lábẹ́ òrí, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi eérú ha á. Bàbà yọ, ó pupa yòò.

"Kábíyèsí, bàbà yín rèé. Kí ó tó sọnù, kò sí bàbà kankan lára idà yìí." Ó di èèkù mú ṣinṣin, ó kọjú sí Jagun. "Ọwọ́ mi kò ṣófo lónìí. Ikú wo ló pa baba mi?"

Jagun wo ẹ̀yìn, kò rí ẹni tí yóò gbè é. "Èmi ni mo fipá mú un ṣe é sídà mi," ni ó wí. "Ó ní òun yóò sọ fún ọba. Nígbà tí ẹ fà á lé mi lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n má fún un lóúnjẹ mọ́."

Ebi! Ebi ni wọ́n fi pa oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀! Ọba gba oyè lọ́wọ́ Jagun, ó lé e jáde nílùú, akéde sì kéde kiri pé Ògúnrìndé kì í ṣe olè.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá alágbára du ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ẹ̀rí tàbí agbára lọ́wọ́ ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún: bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Wọn kò sọ pé kó gbàgbé o. Wọ́n ní kó lọ wá èèkù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, kó bèèrè níwájú gbogbo ìlú.