Pákó Ìjókòó Ìyàndá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó láti àárọ̀, ẹ dìde ná kẹ́ ẹ nasẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìjókòó gan-an ni mo fẹ́ sọ. Inú Odù Ifá tó ń jẹ́ Òdí ni wọ́n ti ń pa ìtàn yìí ní agboolé wa. Bí bàbá mi ṣe pa á fún mi ni n ó ṣe pa á. Ibi tí mo bá gbàgbé, ẹ fi jì mí.

Omi tó dúró sójú kan ló ń rùn.
Ìjókòó àjókòópẹ́ kì í ṣe ìsinmi.
Ohun tá a fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, abẹ́ aṣọ náà ní í ti í jẹni.
Àwọn awo mẹ́ta yìí ló wo Ifá fún Ìyàndá ahunṣọ, lọ́jọ́ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, tó ń fi omijé hun aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Ìyàndá yìí, ọmọ ilé ahunṣọ ni. Ní ilé wọn, wọn kì í fi aṣọ ọjà sin ìyá. Ọmọ ọkùnrin tó bá mọ òfì ló máa hun àlà tí wọn yóò fi sin ìyá rẹ̀, nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè. Ìyá á fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, á súre fún ọmọ, wọn á wá ká a sínú àpótí títí ọjọ́ á fi pé. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ bá a hun ún. Títí wọ́n á fi gé aṣọ yẹn kúrò lórí òfì, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ jókòó sórí pákó tí ọmọ yẹn ń jókòó lé.

Àwẹ̀ró ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Ìyá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú ti ṣú, ẹsẹ̀ ti wú. Ìyàndá sì ti ń fi aṣọ ìyá falẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Aṣọ ìyàwó, aṣọ olóyè, àwọn yẹn ló ń hun. Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyá pè é wọlé. Ó ní, "Ìyàndá, mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì mọ òwú. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án kí ọwọ́ náà tó kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ kejì ló ta òwú funfun sórí òfì. Ó jókòó, kò sì dìde mọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é o, torí ibẹ̀ ni àìsàn ti wọlé. Kó má baà máa dìde, kì í mu omi. Ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnyelá, á gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá, Ìyàndá á ní ẹ̀fọ́ ń pẹ́ lẹ́nu. Iṣu sísun àti àgbàdo yíyan ló ń jẹ, á máa fọwọ́ òsì jẹ ẹ́, á máa fọwọ́ ọ̀tún ju ọ̀kọ̀ òfì sáàárín òwú. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á ní kó dúró de òun. Ìgbẹ́ á dúró lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó bá wá lọ sẹ́yìnkùlé, ohun tó dúró dè é ti gbẹ bí ẹ̀kùrọ́. Á lóṣòó síbẹ̀, á fi gbogbo agbára tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ.

Ọjọ́ kan báyìí, ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí ewé tó fi nu ìdí. Pupa, kò ṣú. Ó wò ó, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó padà sórí pákó. Nígbà tó yá, nǹkan wú jáde nídìí rẹ̀, ó rọ̀ bí èso tó pọ́n, ó sì ń ta á bí ata. Àgbà ọkùnrin! Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó. Láyíwọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà kan náà, rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàndá, ta ló rán ọ sínú afárá? Ẹnu ló lá oyin, ìdí ló ń jẹ́jọ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ títí dòní nìyẹn, pé adùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyàndá gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi oyin sílẹ̀. Ó fi ìrèké sílẹ̀. Kò fi pákó sílẹ̀.

Ẹfúnyelá ló rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò nígbà tó ń fọṣọ. Kò pariwo. Ó ká ṣòkòtò náà, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í. Ó ní tí kò bá dìde kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn awo lónìí, òun á gbé ṣòkòtò yẹn lọ fún ìyá kó fọwọ́ kàn án. Ìyàndá dìde.

Àwọn awo wò ó. Wọ́n ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe oyin. Àgbà inú wọn ló la ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní iṣan wà nídìí gbogbo èèyàn. Téèyàn bá ń jókòó láìdìde, tí ìgbẹ́ bá gbẹ, téèyàn ń fi agbára tì í, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ síbẹ̀, á wú, lọ́jọ́ kan á bẹ́. Wọ́n ní kó rúbọ. Ìkòkò omi méjì, agbọ̀n ẹ̀fọ́ kan, ẹyẹlé kan, àti pákó tó ń jókòó lé. Wọ́n á mú díẹ̀ fún Èṣù nínú omi àti ẹ̀fọ́, ìyókù, kó máa gbé e lọ sílé kó máa mu ún, kó máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n pákó á wà níwájú Ifá fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Láàárín ìgbà yẹn, kó máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó má fi agbára yàgbẹ́. Bí ìgbẹ́ bá pè é, kó dá a lóhùn nípè àkọ́kọ́. Tó bá padà sórí òfì, ìgbọ̀nwọ́ kan tó bá ti hun, kó dìde rìn.

Ìyàndá ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún? Ìyá mi lè má ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún."

Àgbà awo ní, "Ìyá rẹ á rí oṣù tuntun méjì sí i. Ìwọ ni mi ò mọ̀."

Háà. Ẹ wo ohun tí ọmọ aráyé ṣe. Ó kó ìkòkò wá, ó kó ẹ̀fọ́ wá, ó mú ẹyẹlé wá. Nígbà tó kan pákó, ó lọ wá pákó mìíràn lẹ́yìn àká, èyí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé rí, ó gbé e síwájú Ifá. Àwọn awo wo pákó náà. Ó mọ́ roro, kò dán níbi tí ìdí ń gbé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀yìn ẹbọ náà yọ, òun ló ni ín.

Ó padà sórí pákó rẹ̀. Omi tí wọ́n ní kó máa mu, ó fi sílẹ̀ fún adìẹ. Ó lọ ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, èyí tó ní yóò fọ jẹ̀díjẹ̀dí dànù lọ́jọ́ kan. Àgbo yẹn mú kó máa ṣu bí omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bó o lára, ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Oṣù tuntun kan lé. Aṣọ kù díẹ̀. Ìyá ń béèrè láti inú yàrá pé, "Ṣé ó ti tó ibi tí mo lè fọwọ́ kàn?" Á ní ó kù díẹ̀, Ìyá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ nawọ́ mú òwú, òòyì kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà kúrò lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó di aṣọ mú kó má baà ṣubú, aṣọ já tẹ̀ lé e, òun sì jókòó lé aṣọ náà lórí. Nígbà tí Láyíwọlá gbé e dìde, pupa ti gba àárín funfun. Láyíwọlá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọn kì í fi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ sin ìyá. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀, wọ́n sun ún. Èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé ìyá wọlé. Ìyá ní òórùn òwú ni òun ń gbọ́ yìí.

Ẹfúnyelá fúnra rẹ̀ ló gbé pákó tòótọ́ rù lọ bá àwọn awo. Ìyàndá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ń jẹ gbúre, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ, ó ń mu omi, ó ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ohun tó wú súnkì padà. Kò sí oògùn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ó gba pákó rẹ̀ padà, ó ta òwú tuntun. Ìgbọ̀nwọ́ kan, á dìde. Ìgbọ̀nwọ́ kan, á mu omi. Iṣẹ́ náà ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ara ò dun ún mọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kejì lé kí aṣọ tó tó àbọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ẹfúnyelá sáré wá sábẹ́ àtíbàbà, ó ní ìyá ń fọwọ́ wá nǹkan lórí ẹní.

Ìyàndá gé ohun tó wà lórí òfì. Kò gùn. Ó gbé e sọ́wọ́ ìyá. Ìyá fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dé ìparí kíákíá.

Ìyá ní, "Ó dán. Ṣé ó parí?"

Ìyàndá ní, "Ó parí, Ìyá."

Ìyá súre fún un. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ.

Aṣọ náà ò ká ara rẹ̀. Orí nìkan ló wé. Aṣọ ọjà ni wọ́n fi dì í láti ọrùn dé ẹsẹ̀, òun ni ìyá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi aṣọ ọjà sin ní ilé yẹn.

Wọ́n ní kí Ìyàndá jó, kó yin àwọn awo rẹ̀, pé ara rẹ̀ ti yá. Ó ní òun ò lè jó. Ó ní àwọn awo òun ò purọ́, òun ni òun purọ́ fún wọn. Àbọ̀ ẹbọ ni òun rú, àbọ̀ ire ló dé ọwọ́ òun.

Nítorí náà, ní ilé ahunṣọ, tẹ́nì kan bá dìde lọ sẹ́yìnkùlé, a kì í pè é padà, iṣẹ́ yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀, kó má fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kó sọ fún ìyàwó rẹ̀, kó lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì gbé pákó tó ń jókòó lé gan-an kalẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ tún dìde.