Àjàdí Tí Kì Í Bẹ̀rẹ̀ fún Ẹṣin

"Inú oyún ni mo ti ń gun ẹṣin! Ọjọ́ tí ìyá mi rọbí, pátákò ẹṣin mi ni agbẹ̀bí kọ́kọ́ rí!"

Ẹnu Àjàdí ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ẹnu tó fẹ̀ débi pé odindi oko iṣu lè wọ inú rẹ̀ kó má kan eyín. Ẹnu yìí náà ló bí òwe tí gbogbo wa ń pa, pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ wò ó ná: ẹni tó gun ọ̀pẹ, ṣé ojú ọ̀run ló ń lọ? Ẹni tó gun àjà ńkọ́? Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹṣin ni àwọn àgbà mú? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ní ìlú Ọ̀kè-Ìmàdò, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtọ́jú ẹṣin ní ilé ẹṣin ọba. Ìpele mẹ́rin ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìgbẹ́ ẹṣin ni yóò máa kó, koríko ni yóò máa gé, ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ́ ìtọ́jú pátákò. Gàárì àti ìjánu ló tẹ̀lé e. Gígùn ló kẹ́yìn. Bí ọmọ bá ti mọ ìpele kan dájú, Baba Àkàngbé, ọ̀gá wọn, á gé irun díẹ̀ nínú ìrù ẹṣin tí ọmọ náà ń tọ́jú, á so ó ní kókó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kókó mẹ́rin nìkan ló ń gun ẹṣin níwájú ọba lọ́jọ́ ọdún, ẹṣin tó bá sì gùn lọ́jọ́ náà, ọba á fi ta á lọ́rẹ.

Láògún ti ní kókó mẹ́ta. Abo ẹṣin pupa kan tí wọ́n ń pè ní Àrá ló ń tọ́jú. Ó kó ìgbẹ́ rẹ̀ títí, eṣinṣin ìlú méje mọ̀ ọ́n lórúkọ. Àrá náà kì í fẹnu kan koríko àfi tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Kókó kan péré ló kù kí wọ́n di ti ara wọn.

Àfi bí Àjàdí ṣe dé láti òkèèrè, kókó mẹ́rin lọ́wọ́, ó ní ilé ẹṣin ìlú àwọn ni wọ́n ti so ó fún òun.

"Mo gun ẹṣin kọjá lórí odò," ló wí, "ẹja ń yọrí, wọ́n ń kí mi kú ìrìn!"

Àwọn ọmọ ilé ẹṣin rẹ́rìn-ín. Ọba rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ó ní kí wọ́n fún un ní Àrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Láògún di ìjánu mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òkúta há sí i ní pátákò iwájú lápá òsì láti àná. Ó ti wọnú, n kò rí i yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó."

Àṣà ilé ẹṣin náà ni, kò sẹ́ni tí í gun ẹṣin, ọba pàápàá, láì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kó gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èmi? Kí n bẹ̀rẹ̀ fún ẹranko?" Àjàdí yọ ṣùtì. "Ìwọ akógbẹ̀ẹ́ yìí, ilẹ̀ ni tìrẹ, òkè ni tèmi. Ìlara á pa ọ́!"

Láògún wo Baba Àkàngbé. Baba wo ọ̀dọ̀ ọba, ó wolẹ̀.

"Ọba ti sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Fi ìjánu sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀.

Àjàdí na Àrá lẹ́gba. Eré tó sá, afẹ́fẹ́ ṣíwọ́ láti wòran. Nígbà tó dé iwájú ọba, ẹsẹ̀ òsì yẹ̀. Àjàdí fò kọjá lórí ìjòyè mẹ́fà, ó fi ẹnu gúnlẹ̀. Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àrá kò dìde. Egungun ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rín dá. Láògún gbé orí Àrá lé itan, ó ń pè é. Ẹṣin náà tún na etí sí ohùn rẹ̀.

"Kò lè jinná," ni Baba Àkàngbé wí. Ó fa ọ̀bẹ yọ. Láògún fi ọwọ́ bo ojú Àrá.

Nígbà tó parí, Baba gé irun nínú ìrù òkú ẹṣin náà, ó so ó mọ́ Láògún lọ́wọ́. "Kókó kẹrin rẹ nìyí. Ó tọ́ sí ọ."

"Ẹṣin wo ni kí n wá gùn, Baba?"

Baba nu ọ̀bẹ náà sí koríko.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Àjàdí ń tu iyanrìn. "Ẹṣin yín ni kò gbẹ̀kọ́! Èyí tó wà nílé wa..."

Láògún gbá a lọ́wọ́ mú. Ó fi ìka ra kókó mẹ́rin ọwọ́ Àjàdí, ìka tó ti ya ìrù ẹṣin fún ọdún mẹ́ta.

"Irun ìrù màlúù nìyí," ló wí, "mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àjàdí, ta ló so ó fún ọ?"

Ẹnu tó ń gba odindi oko iṣu là, iyanrìn nìkan ló jáde. Àjàdí já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ki eré mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ tó kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sí, ó kọjá odi ìlú, kò wẹ̀yìn.

Láògún kò lé e. Ilẹ̀ kan náà ló fẹ́ gbẹ́ fún Àrá.

"Ẹ jẹ́ kó máa sá," ló wí. "Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."