Àáró Àìsàn ní Ìdí-Emi

Àáró oko a máa mú iṣu wálé. Àáró àìsàn a máa lé oníṣègùn lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi í pa òwe kiri, ṣé ẹ mọ àwọn tó kọ́kọ́ dá àáró àìsàn?

Àwọn ará Ìdí-Emi ni. Abúlé yìí jìnnà débi pé bí dókítà bá dé ibẹ̀, kì í pẹ́ tí í fi lọ. Èyí tó lọ gbẹ̀yìn, ìjọba ló mú un kúrò, wọ́n ní aláìsàn ibẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí Dókítà Ṣówándé wá dé, oyún Mopélọ́lá, ìyàwó ọmọ Baálẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù. Ojú ọ̀nà ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ bímọ, ni ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé dókítà yìí náà lè lọ.

Baálẹ̀ bá pèpàdé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń dá àáró oko, tí wọ́n ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣàìsàn láti agboolé dé agboolé, kí ilé ìwòsàn má baà ṣófo. Ilé Jagun fi inú rírun bẹ̀rẹ̀. Ilé Alágbẹ̀dẹ mú ẹ̀yìn dídùn. Àwọn ará Ilé Ọdẹ, tí wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá mú, wúkọ́ títí ọ̀fun fi dùn wọ́n lóòótọ́. Dókítà fún wọn lóògùn, ó gún wọn lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó gbà pé ara òun yá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i tó ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.

“Bàbá, ojú ń tì mí,” ló wí fún Baálẹ̀. “Nínú gbogbo ẹni tí mo tọ́jú níbí, kò sí ẹyọ kan tó sàn. Ẹ jẹ́ kí n lọ, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ lè wá.”

Baálẹ̀ ṣí fìlà. “Dókítà, ẹ má bínú. Ara wa le. Àáró la dá, ká má baà pàdánù yín.”

“Gbogbo yín pátá?”

“Àfi Mopélọ́lá. Oyún tirẹ̀ kì í ṣe irọ́.”

Dókítà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa á. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. “Kí ló dé tẹ́ ò kúkú ní kí n dúró?”

Baálẹ̀ wolẹ̀. “A ò rò ó débẹ̀.”

Dókítà tú ẹrù rẹ̀. Kò pẹ́, Mopélọ́lá bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí: lọ́sẹ̀ náà, ọmọ yẹn nìkan ló ké nílé ìwòsàn láìjẹ́ pé àáró kàn án.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ọgbọ́n àyínìke dá ẹni tó wúlò fún un dúró, nígbà tí “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì wá” ì bá ti tó, wọn a mirí, wọn a ní: àáró oko a máa mú iṣu wálé, àáró àìsàn a máa lé oníṣègùn lọ.