Ìmàdò Nínú Omi Gbígbóná

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ Ìyá Àgbà yín dáadáa. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lé ẹní mi, mo ti rí i o, n kò kàn tíì dárúkọ ni. Àlọ́ mi já ṣòòrò bí omi orí àpáta, ó bọ́ lé Ìmàdò lórí, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó.

"Ní ìgbà kan rí, ẹ̀yìn ń dun Ìmàdò. Ó dùn ún, ó dùn ún, ó wọ orúnkún rẹ̀, títí imú rẹ̀ fi ń gbá ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó Àrinpé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ku ọjọ́ mẹ́wàá péré.

"'Baba tí kò lè nàró, báwo ni yóò ṣe gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí súre?' Ìmàdò ń sunkún.

"Lékeléke, ẹyẹ funfun tó ti fò káyé, wá kí i. 'Bàbá Àrinpé, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sí Jàpáànù. Ilé àlejò kan wà lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀, omi gbígbóná ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré tí ẹ bá fi jókòó sínú rẹ̀, ẹ̀yìn yín á nà.'"

"Ìyá Àgbà, ṣé omi gbígbóná ò sí ní Ìkògòsì ni?"

"Ìṣọ̀lá, ṣé ìwọ lo fẹ́ pa àlọ́ náà ni? Jẹ́ kí Ìmàdò lọ síbi tó ń lọ! Ó gun ẹ̀yìn Lékeléke, ó di òkè òkun."

"Ìmàdò! Lórí ẹ̀yìn Lékeléke?"

"Àlọ́ ni. Ó gbà á.

"Ìyá Fúmíkò, arúgbó tó ni ilé àlejò náà, tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní. 'Ẹ káàbọ̀, àlejò mi. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ tó wọ adágún, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, ẹ jókòó lórí àpótí kékeré yìí, ẹ fi ọṣẹ fọ ara yín, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá. Omi adágún, ti gbogbo wa ni. A kì í fọ ara nínú rẹ̀, a kàn ń jókòó sínú rẹ̀ ni.'

"Ìmàdò rẹ́rìn-ín sínú. 'Kí n wẹ̀ tán kí n tó lọ wẹ̀? Ta ló ń wẹ̀ nílé kó tó lọ wẹ̀ lódò?'

"Nígbà tí ibẹ̀ dá páropáro, ó gbé ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, ó bẹ́ sínú adágún, gbúù! Ó ń ha ẹ̀yìn, ó ń ha ikùn. Ẹrẹ̀ ọdún mẹ́ta tú sínú omi. Omi dúdú bí omi aró.

"Ni omi bá bínú! Ṣùùù, ó wọlẹ̀ lọ. Ìmàdò ṣẹ́kù sórí òkúta gbígbẹ, tòun ti kànrìnkàn lọ́wọ́."

"Yéè!"

"Àwọn àlejò sáré dé. Ọ̀bọ arúgbó ló ṣáájú, aṣọ ìnura kékeré lórí rẹ̀. 'Ta ló ṣe é?' Ìmàdò yára nawọ́: 'Ọ̀bọ ni!'"

"Irọ́! Òpùrọ́!"

"Ẹ bá mi wí fún un. Ìyá Fúmíkò ní, 'Omi yìí létí. Kò ní padà títí ẹni tó lé e yóò fi fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.'

"Ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ kejì lọ. Ọ̀bọ jókòó lẹ́bàá adágún gbígbẹ, ó ń ra orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. Ìyá Fúmíkò sì ń gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún Ìmàdò, ó ń tẹrí ba: 'Ẹ jẹun, àlejò mi.' Ìmàdò ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtìjú dùn ún ju ẹ̀yìn lọ.

"Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ síbi àpótí kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ara rẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

"Omi òkè, má bínú sí mi o—"

"Wẹ̀ kí o tó wọ̀!"

"Èmi Ìmàdò ló gbé ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́—"

"Wẹ̀ kí o tó wọ̀!"

"Ọ̀bọ kò mọwọ́, Ọ̀bọ kò mẹsẹ̀—"

"Wẹ̀ kí o tó wọ̀!"

"Àrinpé ń retí baba rẹ̀ nílé—"

"Wẹ̀ kí o tó wọ̀!"

"Omi bá tú jáde, ó kún dẹ́nu. Ọ̀bọ sún kẹ́rẹ́, ó ká aṣọ ìnura lé Ìmàdò lórí. 'Bàbá Àrinpé, ẹ wọlé.' Ìmàdò jókòó sínú omi, ó ní 'Haaa!' Ó dùn débi pé ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, ọ̀nà ilé sì jìn; nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọjọ́ kan péré ló kù. Ẹ̀yìn Ìmàdò nà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò ráyè sàn. Ìdí nìyẹn tí Ìmàdò fi ń kúnlẹ̀ jẹun títí dòní.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Àrinpé kúnlẹ̀ fún ìre. Baba rẹ̀ nàró, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ni orúnkún bá yẹ̀! Baba àti ọmọ kúnlẹ̀ síra wọn, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó súre náà níbẹ̀, ó sì sin ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ.

"Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àna gbé omi tútù jáde, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Ìmàdò wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. 'Àṣé mo ti mọ̀ ọ́n nílé! Mo wá gun Lékeléke kọjá òkun lọ kọ́ ohun tí à ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa.'

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le. Ohun tí gbogbo wa jọ ní, ká mọ́ kí á tó wọ̀ ọ́. Bí a bá sì bà á jẹ́, ká má fi sọ́rùn ẹlòmíì. Mo ti jáde nínú omi àlọ́ mi o. Bí mo bá parọ́, kí eyín mi má lè fọ́ ẹ̀pà lọ́la. Ó yá, ẹsẹ̀ ta ló lẹ́rẹ̀ lórí ẹní mi?"

Ọmọ́bóyè, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìṣọ̀lá, na ìka sí i. Ó tún rọra fà á padà, ó wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Omi wà nínú ìkòkò. Wẹ̀—"

"Kí o tó wọ̀!"