Ìránṣẹ́ Mẹ́ta Nínú Kọ̀ǹpútà Àwẹ̀ró

"Bí ìdáhùn bá pẹ́ dé, ẹ ka iye ìránṣẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa òwe yìí fún ọmọ yín, ṣé ẹ mọ ilé tó ti jáde? Àwọn kan á ní ààfin ni. Àwọn mìíràn á ní ogun ló bí i. Irọ́ ni. Orí tábìlì máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n bí i sí, ní Ìrágbìjí, lọ́jọ́rú kan báyìí, isó sì wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ìdí rẹ̀ gbòòrò, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìbílọlá, nìkan ló kù nílé bàbá wọn tó lè ki oríkì ìdílé náà délẹ̀. Ìbílọlá ló máa ń lé e, Àwẹ̀ró ló máa ń gbè é. Ègbè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré nílé yẹn. Kí ẹni tó ń lé tó mí ni ègbè gbọ́dọ̀ ti balẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, àwọn àgbà á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní, "Àlejò wà láàrin wa."

Àwẹ̀ró ti di àlejò yẹn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá wọn, Ìbílọlá lé e, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Àkàrà gbígbóná ló kún ẹnu àbúrò rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ti gorí ọ̀rọ̀ náà, Ìbílọlá kò sì gbàgbé. Bí wọ́n bá ń pín ẹran títí dòní, á ní, "Ẹ fi ti Àwẹ̀ró ṣe ìkẹyìn, ó máa ń pẹ́."

Wàyí o, Ìbílọlá wà ní Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní kò ní sùn, ojú náà nìkan ni wọn yóò fi oògùn pa. Obìnrin tí kì í sá fún ejò wá ń gbọ̀n nítorí ọ̀bẹ dókítà. Ó lé oríkì ilé wọn sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó sì pè é.

"Àwẹ̀ró, gbè é, kí o fi ránṣẹ́ padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Òun ni mo fẹ́ máa gbọ́ létí nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ kan ojú mi. Bí o bá pẹ́ gbè, màá dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni o."

"Ẹ ò ní dìde, Ẹ̀gbọ́n mi."

Àwẹ̀ró ní kọ̀ǹpútà nílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló rà á kí oríkì má baà parun. Orí tábìlì máṣíìnì rẹ̀ ló wà, pẹ̀lú máìkì, àpótí kékeré tí wọ́n ń ki wáyà máìkì bọ̀, àti èyí tí wọ́n ń fi bo etí. Ó jókòó, ó ṣí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbè é bó ṣe yẹ. Nígbà tó gbọ́ ọ padà, ègbè rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé ohùn Ìbílọlá lẹ́yìn bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó gbìyànjú láti máa yára gbè kí àkókò tó tó, ó wá dà bí ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàrin rẹ̀ gbogbo, ohùn náà ń ta pápápá bíi gúgúrú. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Wáyà.

Bàbá Wáyà ni aládùúgbò rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ wáyà ránṣẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì ló ti ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, tó sì ń tò ó padà.

"Ìyá Mojíyìn, kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń jẹ àkàrà," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Bàbá Wáyà fi nǹkan bo etí kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ní kí Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ki wáyà àpótí náà dáadáa. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà alẹ́ àná kò bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, ó jáde.

Bàbá Wáyà na ìka kan sókè. "Ẹ má sọ̀rọ̀." Ó dúró. "Ó ti dé."

"Kí ló dé?"

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ́kọ́ fi etí òsì gbọ́ ọ. Mo ka ení, kí ó tó dé etí ọ̀tún láti inú ẹ̀rọ. Ohùn yín ń sinmi lójú ọ̀nà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka wáyà ìkíni. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Iṣẹ́ ìwádìí ni mo bá yín ṣe."

Bàbá Wáyà ṣí inú kọ̀ǹpútà wò. Ìránṣẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó gba ohùn lẹ́nu máìkì, kó gbé e wọlé, kó sì gbé e padà sétí ẹni. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní dírẹ́bà. Ọ̀kan ló yẹ kó wà, mẹ́ta ni Bàbá Wáyà bá. Ọ̀kan bá àpótí náà wá. Olúdáre, ọkọ Mojíyìn ọmọ Àwẹ̀ró, fi ọ̀kan síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Mojíyìn fúnra rẹ̀ fi tirẹ̀ kún un nígbà tí ti ọkọ rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ yọ ti ọkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń fa ohùn kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà wọn ló ń ta pápápá. Kí ariwo náà lè rọlẹ̀, Mojíyìn ti sọ abọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn sí di ńlá, abọ́ ńlá sì rèé, ó máa ń pẹ́ kó tó kún. Àwẹ̀ró rántí pé òun lòun ní kó fi èyí tó tóbi jù sí i, pé ahun kọ́ lòun.

"Bí a bá fún ọkùnrin mẹ́ta ní lẹ́tà kan," ni Bàbá Wáyà wí, "ariwo wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé ẹni tó ni lẹ́tà. Ẹ jẹ́ n lé méjì lọ."

Ó yọ ti Mojíyìn. Nígbà tó kan ti Olúdáre, Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ohun tí àna bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ nílé ẹni, a kì í kó o dà síta lẹ́yìn rẹ̀."

"Kì í ṣe àga, Ìyá Mojíyìn. Kò sẹ́ni tó ń rí i."

"Èmi ń rí i. Àna mi ni."

Wọ́n fi méjì gbìyànjú, ègbè ṣì ń pẹ́. Oòrùn ti ń yẹ̀. Ìbílọlá pè, ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Ṣé o ti gbé e mì?" Ó sì pa fóònù. Àwẹ̀ró gbọ́ pé ohùn ẹ̀gbọ́n òun ń gbọ̀n. Nígbà náà ló pe àna rẹ̀. Ó kí i, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí iṣẹ́ rẹ̀, ó kí orúnkún tó dùn ún lọ́dún tó kọjá, kó tó ráyè tọrọ ohun tó fẹ́ tọrọ.

"Màmá, ẹ yọ ọ́!" ni Olúdáre ké. "Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti mọ̀ pé kò dáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mo fẹ́ yọ ọ́, ojú yín ni mò ń wò. Ẹ kì í yé dúpẹ́ rẹ̀."

Bàbá Wáyà yọ ọ́, ó sì sọ abọ́ di kékeré. Ó ní kí Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. Ó pa á lẹ́ẹ̀kan, etí méjèèjì gbọ́ ọ pọ̀. Ó ní kò sí ìdí láti tún fi ẹ̀wà dán an wò.

Ìbílọlá lé e nínú ẹ̀rọ: "Ọmọ a-jí-gbálẹ̀-de-àlejò…"

"Ilẹ̀ wa mọ́, ẹ wọlé!" Ègbè balẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mí. Ó gbè é parí, ó sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ńkọ́?"

"Wọ́n ti dì í. Dókítà ní mi ò mira rárá. Àwẹ̀ró. O ti gbé àkàrà yẹn mì."

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mí ni ẹ̀rín Àwẹ̀ró ti balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bàbá Wáyà ló kó ọ̀rọ̀ náà jáde sí àdúgbò, ẹnu àwa arúgbó ló sì wà títí dòní. Bí a bá fi iṣẹ́ kan sí ọwọ́ ẹni púpọ̀, tí iṣẹ́ náà kò dé, tó jẹ́ pé ojú ni a ń wò tí a kò fi lè dá ẹnì kan nínú wọn dúró, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń pa á. Wọ́n á ní ẹ má bú iṣẹ́, ẹ má bú ọ̀nà. Bí ìdáhùn bá pẹ́ dé, ẹ ka iye ìránṣẹ́.