Ẹ̀wù Òkè Lára Òpìpí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá ló balẹ̀ sí.

Ní ìgbà kan rí, Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ní adìẹ òpìpí mẹ́ta. Ẹ mọ òpìpí: adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lára. Ẹyin wọn ni Yánníbo fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Ìjàpá.

Ó ní, "Adìẹ wo nìyí? Ó dà bíi pé wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán kí ó tó sá kúrò lẹ́bàá ìkòkò."

Ó gbéra, ó lọ sí orí òkè tútù lọ́dọ̀ Ìnàkí. Adìẹ Ìnàkí tóbi, ìyẹ́ bò wọ́n dé ìka ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní mẹ́ta sìn. Bí wọ́n bá pamọ, a ó jọ pín àwọn ọmọ náà."

Ìnàkí ní, "Àbúrò, òtútù ibí ló ni ìyẹ́ yìí. Ṣé ooru kì í mú lọ́dọ̀ yín?"

"Ooru kẹ̀? Àwa tí a ń daṣọ bora lọ́sàn-án."

"Ó dára. N ó wá wò wọ́n ní oṣù kẹta. Bí o bá purọ́ fún mi, ẹ̀yìnkùlé rẹ ni n ó ti mú tèmi."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí adìẹ tó ń làágùn rí? Kò sí. Ẹnu ló ń là, apá ló ń nà sílẹ̀, kí ara rẹ̀ lè tutù. Ta ni yóò wọ ẹ̀wù òtútù fún un nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ìjàpá ọlọ́gbọ́n náà ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Adìẹ òkè ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn kò yé ẹyin kan.

Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹ dá wọn padà."

"Ìgbéraga ni wọ́n ń ṣe. Adìẹ ńlá ni wọ́n."

Kí oṣù kejì tó pé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ìjàpá nìkan ló dá wọn jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bu oje igi, ó fi lẹ ìyẹ́ àwọn òkú mọ́ òpìpí ìyàwó rẹ̀ lára.

Yánníbo ní, "Bí Ìnàkí bá gbé wọn lọ ńkọ́? Kí ni àwọn ọmọ yóò máa jẹ?"

"Wíwò ló ń bọ̀ wá wò. Dákẹ́."

Ìnàkí dé, ó jókòó, ó gba omi mu. Kò kánjú. Ọ̀sán pọ́n, oje bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Àwọn òpìpí kò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó dàgbà jù sáré wọ inú àwo omi, ó gbọn ara. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Ìyẹ́ bo Ìnàkí lójú.

Ó yọ ọ̀kan kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìjàpá, adìẹ tèmi dà?"

Yánníbo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé tèmi lọ."

"Ìyàwó, kí ni n ó fi òpìpí ṣe lórí òkè? Òtútù yóò pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Adìẹ rẹ mọ ibi tí ó ń gbé. Ọkọ rẹ ni kò mọ̀. Ẹ̀wù òkè tó wù ú yìí, òun ni yóò wọ̀ ọ́."

Ó kó gbogbo ìyẹ́ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn, ó sì jókòó tì í nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjàpá la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn òpìpí dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ yé ẹyin.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin adìẹ, ẹ wo oòrùn ilé yín kí ẹ tó wo ẹwà ìyẹ́. Ìjàpá kò wò ó, òun náà ló sì ń fi èékánná ha oje kúrò lẹ́yìn títí di òní.